Ta Ló Fún Omi Òkun Lóúnjẹ?

Ṣágo mẹ́ta ló wà nínú ilé omi, omi òkun ló sì kún inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n pọn wọ́n, ọkọ̀ kan náà ló sì gbé wọn dé Ìgándò. Méjì mọ́ lóló bí omi òjò. Ẹ̀kẹta, èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ti di àwọ̀ ewé, ó sì ki débi pé tí èèyàn bá gbé ọwọ́ sẹ́yìn ìgò náà, kò ní rí ìka ara rẹ̀.

"Májèlé nìyẹn," ni Promise wí. "Ẹ fi ojú yín rí i, màdáámù. Wọ́n fẹ́ pa ìyàwó mi."

Ìnísípẹ́kítọ̀ Fàdìlàt kò tíì dá a lóhùn. Ó ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, torí ìjọ aláṣọ funfun ni ibẹ̀, sìmẹ́ńtì tútù sì ń tù ú lẹ́sẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ìdí ìgò náà, ó wo ọrùn rẹ̀, ó wo aṣọ funfun tí wọ́n fi bò ó lẹ́nu. Wọ́n mọ̀ ọ́n ní àgọ́ ọlọ́pàá pé tó bá dé ibi ọ̀ràn, yóò kọ́kọ́ dákẹ́ títí ara á fi máa ta àwọn tó pè é.

"Kí ló ti ṣe ìyàwó yín?" ló bi í níkẹyìn.

"Nǹkan kan ò tíì ṣe é."

"Ilé ìwòsàn ńkọ́?"

"Wọ́n ní òun àti ọmọ inú ẹ̀ wà pa." Promise nu ojú. Ọkùnrin gìrìwò ni. "Wọ́n da omi yìí sí i níkùn lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Bó ṣe lajú, ó rí i pé omi tó ń ṣàn lára òun rí bí omi ẹ̀fọ́. Hope ò sùn látìgbà yẹn, màdáámù. Ó ṣáà ń di ikùn mú. Ṣé ẹ mọ bó ṣe pẹ́ tó tá a ti ń wá oyún yìí? Abeg, ẹ mú màmá yẹn. Òun ló ni kọ́kọ́rọ́."

Màmá tó ń sọ ni Ìyá Agnes, alábòójútó omi. Ó jókòó sórí àga gbọọrọ nínú sùtánà rẹ̀ tó ti gbó, kọ́kọ́rọ́ ilé omi wà lọ́rùn rẹ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé itan.

Wòlíì Báyọ̀dé, tó ń darí ìjọ náà, fa Fàdìlàt sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá agbára mi. Látìgbà tí ìjọ yìí ti wà lábẹ́ àtíbàbà ni Ìyá Agnes ti ń bójú tó omi. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ìjọ ti fẹnu kò pé tá ò bá rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí kí ọjọ́ Àìkú tó dé, kó bọ́ sùtánà, kó sì kó jáde nínú yàrá ẹ̀yìnkùlé."

"Níbo ló máa kó lọ?"

Wòlíì wo ilẹ̀. "Kò ní ibòmíràn."

"Ta ló bu omi yẹn sí Hope níkùn?"

"Èmi ni. Ìyá Agnes lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

"Ẹ ò sì rí i pé ó ti di àwọ̀ ewé?"

"Mo rí i." Ọkùnrin náà fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Nígbà tó kọ́kọ́ yí padà, funfun ló funfun bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Nígbà tó yá ló di àwọ̀ ewé. Mo rò pé àmì ìbísí ni."

Fàdìlàt fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó lọ jókòó ti Ìyá Agnes.

"Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán, ọmọ mi. Ṣé wọ́n ti fún ọ lómi mu?"

"Èwo nínú omi náà!" ni Promise pariwo láti ẹnu ọ̀nà.

"Omi inú ìkòkò mi ni mò ń sọ, ìwọ ọmọ yìí," ni ìyá náà dáhùn, kò tilẹ̀ yíjú sí i.

"Níbo lẹ ti pọn omi ṣágo yìí, mà?"

"Òkun."

"Ta ló ń wọlé síbí yàtọ̀ sí ẹ̀yin àti Wòlíì?"

"Kò sí."

Fàdìlàt nàka sí àárín yàrá. Àmì róbótó kan wà lórí sìmẹ́ńtì níbẹ̀, ó bá ìdí àwọn ṣágo méjì yòókù dọ́gba. "Ibẹ̀ ni ṣágo aláwọ̀ ewé yìí wà tẹ́lẹ̀. Ta ló sún un mọ́ fèrèsé?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé?"

"Ibẹ̀ ló dára fún un."

"Ṣé ẹ da nǹkan sí i?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ mọ ẹni tó da nǹkan sí i?"

Ìyá Agnes fi ìka yí kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀ po, ó tún tú u. "Mo ti sọ èyí tí mo fẹ́ sọ, ọmọ mi. Tó bá di pé kí n tẹ̀lé ọ, jẹ́ kí n gbé ìborùn."

Fàdìlàt wò ó. Ó ti bá òpùrọ́ sọ̀rọ̀ rí, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jù. Ìyá yìí kò purọ́. Ó kàn ń ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ni. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn, nǹkan wà nínú ilé tó ń dáàbò bò.

*

Ó kọ́kọ́ yá sítóòfù ìyá náà. Ó bu omi aláwọ̀ ewé sínú ṣíbí irin, ó gbé e síná títí omi fi gbẹ tán. Ohun funfun kan lẹ̀ mọ́ ṣíbí. Ó fi ìka kàn án, ó tọ́ ọ wò.

"Iyọ̀ ni. Omi òkun ni lóòótọ́, kì í ṣe omi kànáàlì àdúgbò tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀."

"Ó lè jẹ́ pé ó da iyọ̀ sí omi kànáàlì," ni Promise wí.

"Ó lè jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi omi ayédèrú tan ìjọ jẹ, ṣé èyí tó rí bí omi ẹ̀fọ́ ló máa gbé sójú fèrèsé, kó wá fi méjì tó mọ́ sínú òkùnkùn?"

Promise ronú díẹ̀. "Ẹ lọ bá Alàájì ẹlẹ́ja nígbà náà. Omi tiẹ̀ náà rí báyìí gẹ́lẹ́, òun àti Wòlíì ò sì rẹ́."

Ẹ̀yìn ògiri ìjọ ni àwọn kòtò ẹja Alàájì Sùrájù wà. Ọmọ Ìkàrẹ́ Àkókó ni, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ló jẹ́ ní Ipaja kó tó fẹ̀yìn tì. Bàtà rọ́bà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Òótọ́ ni, omi inú kòtò náà àti ti ṣágo jọra bí ìbejì.

"Ṣé ẹ̀ ń da nǹkan sí omi àwọn aládùúrà, Alàájì?"

Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín. "Èmi? Wọ́n ní ẹja mi ń rùn. Bá mi bi Wòlíì, ẹja tó ń rà lọ́dọ̀ mi ní gbogbo ọjọ́ ìkórè, ṣé òórùn ẹ̀ máa ń sinmi lọ́jọ́ yẹn ni?" Ó rí ìgò kékeré tí Fàdìlàt bu díẹ̀ sí nínú omi ṣágo náà, ó gbà á, ó gbé e sójú oòrùn, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. "Màṣáálláhù. Ẹ̀mí ló wà nínú èyí."

"Ẹ̀mí báwo?"

"Ewéko ni. Wọ́n kéré débi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn á wà nínú ṣíbí kan, o ò sì ní rí ẹyọ kan. Wọ́n wà nínú kòtò mi, wọ́n wà nínú òkun. Oòrùn ni wọ́n fi ń dáná oúnjẹ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń fẹ́ èròjà, bí àgbàdo ṣe ń fẹ́ ajílẹ̀."

"Ta ló ń fún wọn lájílẹ̀ nínú òkun?"

"Ara wọn ni." Ó jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó dojú dé, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó tún rí kíláàsì. "Àwọn ẹranko wíwín kan wà tó ń jẹ ewéko yẹn. Ọmọ ẹja á jẹ ẹranko wíwín, ẹja ńlá á jẹ ọmọ ẹja. Gbogbo èyí tó bá kú, gbogbo ohun tí wọ́n bá yà, kòkòrò kan tún wà tó kéré ju gbogbo wọn lọ, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó tú u palẹ̀. Èròjà á jáde, á padà sínú omi, ewéko á tún mú un. Bó ṣe ń yí nìyẹn láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé."

"Nígbà náà, kí ló dé tí ṣágo méjì fi mọ́? Omi kan náà ni."

"Ebi ni. Ewéko wà níbẹ̀, oúnjẹ ni kò tó. Àti pé inú òkùnkùn ni wọ́n wà. Èyí, oòrùn rí i, ẹnìkan sì ń bọ́ ọ."

"Pẹ̀lú kí ni?"

"Ohunkóhun tó bá ti ara ẹ̀dá alààyè jáde. Èmi, ìgbẹ́ adìẹ ni mo fi ń bọ́ tèmi. Kó tó di àwọ̀ ewé, báwo ló ṣe rí?"

"Wọ́n ní ó funfun bí omi ìrẹsì."

"Hẹn! Ìgbà tí àwọn atúpalẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ adìẹ kì í funfun bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ohun tó funfun látilẹ̀ ni wọ́n dà sí i, ọ̀rá sì wà nínú ẹ̀. Wo ẹnu ìgò yìí."

Òótọ́ ni. Ọ̀rá fẹ́ẹ́rẹ́ kan yí ọrùn ìgò kékeré náà ká.

*

Fàdìlàt kò gba ẹnu ọ̀nà padà. Ó gba ẹ̀yìn ilé omi. Ìbéèrè ọwọ́ rẹ̀ ti yí padà: kì í ṣe ta ló fi májèlé sí omi mọ́, bí kò ṣe ta ló ń fún un lóúnjẹ.

Fèrèsé náà kò ga, gíláàsì ìsàlẹ̀ rẹ̀ kan sì ti yọ. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ìka rẹ̀ sì kan ẹnu ṣágo. Lórí etí fèrèsé, èèrà tò lọ, wọ́n tò bọ̀, wọ́n ń jẹ ohun funfun kan tó ti gbẹ síbẹ̀. Èèrà kì í tò tẹ̀ lé májèlé.

Lábẹ́ fèrèsé, nínú iyanrìn, ipa sílípáàsì wà, ó kéré, ó tẹ̀ lé ara rẹ̀ lọ tẹ̀ lé ara rẹ̀ bọ̀. Fàdìlàt dúró tì í. Nínú ọgbà yìí, gbogbo ẹni tó bá ti wọ sùtánà, ẹsẹ̀ lásán ló ń rìn. Ẹni tó wọ sílípáàsì wá síbí kò wọ sùtánà. Promise? Ẹsẹ̀ tiẹ̀ tó ọkọ̀ ojú omi. Alàájì? Bàtà rọ́bà. Ẹsẹ̀ obìnrin lèyí, obìnrin tó mọ ibi tí ilé omi wà, tí kò sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Ó fa aṣọ funfun ẹnu ṣágo yọ láti inú fèrèsé. Ó ti gan. Ó gbé e sí imú.

Ó kan díẹ̀, ó sì dùn díẹ̀. Òórùn náà mú un lọ sínú yàrá rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, ìgbà tó já Abdulganiyy àbíkẹ́yìn rẹ̀ lẹ́nu ọmú, tí gbogbo iwájú búláòsì rẹ̀ ń rùn báyìí fún ọjọ́ púpọ̀. Ó fara ti ògiri. Ó ti mọ ohun tó wà nínú ṣágo náà. Ó dùn ún pé òun mọ̀ ọ́n.

Ó pe Wòlíì jáde. "Ẹ jọ̀ọ́, nínú ìjọ yín, irú obìnrin wo ni kò gbọdọ̀ wọ sùtánà, tí kò gbọdọ̀ wọlé?"

"Ẹni tó wà lásìkò rẹ̀, àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, títí ọjọ́ ìwẹ̀nùmọ́ rẹ̀ á fi pé."

"Ó jọ tiwa. Èmi náà kò kírun títí ara mi fi mọ́ lẹ́yìn ìbímọ. Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nínú yín?"

"Kò sí o." Lójijì, ó gbé ọwọ́ lérí. "Tolú. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ò dúró, ọ̀gá. Kò tiẹ̀ pẹ́ tí a fi sin ín. A ò ka Tolú mọ́ ọ̀rọ̀ yìí rárá, torí kò lè dé ibí."

"Kò lè wọlé ni," ni Fàdìlàt wí jẹ́jẹ́. "Ẹnikẹ́ni ò ní kó má dé ẹ̀yìn fèrèsé."

*

Òun nìkan ló lọ. Tolú ń gbé ní àdúgbò kejì, nínú yàrá kan tí kọ́tìnnì rẹ̀ wà ní títì lọ́sàn-án gangan. Ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Ó ṣílẹ̀kùn, ó rí àmì ọlọ́pàá, kò sì sá. Ó ti di àyà rẹ̀ pẹ̀lú ìró, síbẹ̀ ìró náà tutù lójú méjì.

"Àǹtí, ẹ jókòó."

Fàdìlàt jókòó sórí ibùsùn. "Ṣé ó ṣì ń wá púpọ̀?"

Tolú wolẹ̀. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Nọ́ọ̀sì ní kí n dì í, pé á dá. Kò dá. Tí ọmọ aládùúgbò bá sunkún, ṣe ló máa ń ya. Wọ́n ní kí n máa fún un sínú gọ́tà." Ó nu imú. "Àǹtí, mi ò lè dà á sí gọ́tà. Oúnjẹ ọmọ mi ni."

"Mo gbọ́."

"Ìyá Agnes sọ fún wa nígbà kan pé tí wọ́n bá fẹ́ pọn omi tuntun, wọ́n máa ń dá èyí tó kù padà sínú òkun. Mo ní ó kéré tán, á dé ibì kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ mi ò tó o. Mo na ọwọ́ títí, gbogbo ẹ̀ dà sílẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, mo sunkún. Nígbà tí mo padà lọ, ṣágo náà ti wà lẹ́bàá fèrèsé. Mo rò pé Ọlọ́run ló sún un."

Fàdìlàt rántí àmì róbótó tó wà láàárín yàrá. Ó rántí ẹnu ìyá tó ń ti ilẹ̀kùn. "Ìyá Agnes ni," ló wí.

"Ó mọ̀?"

"Ó mọ̀. Wọ́n ní òun ló fi májèlé somi. Wòlíì bu omi náà sí ikùn aboyún kan láì mọ̀, ọkọ aboyún sì pe ọlọ́pàá. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa bọ́ sùtánà lọ́rùn ẹ̀, wọ́n á sì lé e kúrò ní yàrá. Mo bi í ní gbogbo ìbéèrè tí mo mọ̀. Kò dárúkọ rẹ."

Tolú fọwọ́ bo ẹnu.

"Gbọ́, àbúrò mi. Mo lè lọ sọ fún wọn pé májèlé kọ́, kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n èrò mi ni pé wọn ò ní gbà, wọ́n á ní mò ń ṣàánú arúgbó. Mi ò ní fi dandan mú ọ. Ìwọ ló ni ọ̀rọ̀ náà."

Tolú dìde. Ó wá gèlè, kò rí i, ó mú aṣọ ìnura, ó fi borí. "Ẹ jẹ́ ká lọ kí ẹsẹ̀ mi tó yẹ̀."

*

Ní ẹnu géètì ìjọ, ó dúró. Kò fẹ́ tẹ iyanrìn inú ọgbà lójú gbogbo ìjọ. Fàdìlàt ránṣẹ́ wọlé pé kí gbogbo wọn jáde wá.

Wòlíì jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán sórí títì tó gbóná. Promise jáde, ó di Hope, tó ti wá bá a níbẹ̀, lápá mú, ikùn rẹ̀ ṣáájú wọn. Ìyá Agnes ló kẹ́yìn. Nígbà tó rí Tolú, ó kọ haà. "Ta ló ní kó o wá? Ọmọ yìí, padà sílé!"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́." Tolú ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Èmi ni mo da nǹkan sí omi. Omi ọmú mi ni. Ọmọ tó yẹ kó mu ún ti lọ. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa bù ú fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Ìyá Agnes sílẹ̀."

Promise ti wá síbí pẹ̀lú ìbínú tó kún apá rẹ̀ méjèèjì, kò wá rí ibi tó máa gbé e kalẹ̀ sí.

Hope ló kọ́kọ́ mira. Ó fọwọ́ pa ikùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Omi ọmú?" ló bèèrè. "Òun ni mo fi ń dààmú láti Ọjọ́rú?" Ó wo Tolú, omi sì lé ròrò sí i lójú. "Ẹ kú ìrọ́jú, àǹtí." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Promise, mú mi lọ sílé, kí n lọ sùn."

"Màdáámù, mo gba ẹjọ́ mi padà," ni Promise sọ fún Fàdìlàt. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Ìyá Agnes, pẹ̀lú gbogbo gìrìwò rẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Dìde, jàre, o ti di ọ̀nà."

Wòlíì tẹríba fún ìyá náà. "Mo máa bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ lálẹ́ òní. Kọ́kọ́rọ́ ò kúrò lọ́rùn yín."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ, mà?" ni Fàdìlàt bi í. "Ẹ̀ bá ti sùn síta."

"Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ni," ni Ìyá Agnes dáhùn. "Èwo ni tèmi níbẹ̀ tí màá fi sọ?"

Nígbà náà ni Tolú béèrè. "Omi yẹn... ṣé ẹ máa dà á nù?"

"Lọ́la ni mò ń dá a padà sí òkun. Wá tẹ̀lé mi."

Gbogbo ojú lọ sára Wòlíì. Ọkùnrin náà ronú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó lórí títì. "Ilé àdúrà ni òfin wa kàn," ló wí. "Mi ò gbọ́ òfin kankan fún etí òkun rí."

"Ṣágo wúwo," ni Fàdìlàt wí. "Mo ní mọ́tò."

Tolú fa aṣọ ìnura mọ́ ojú. "Àǹtí, ta ló máa mu ún níbẹ̀?"

Fàdìlàt kò fẹ́ tù ú nínú pẹ̀lú ohun tí kò dá a lójú. Ó ro ọ̀rọ̀ Alàájì lọ, ó rò ó bọ̀. "Wọ́n ti ń mu ún," ló dáhùn. "Ìdí tó fi di àwọ̀ ewé nìyẹn. Àwọn ewéko kan wà nínú ẹ̀ tó kéré ju ohun tí ojú lè rí, ebi ń pa wọ́n, o sì bọ́ wọn. Tó bá dé òkun, àwọn ẹranko wíwín á jẹ wọ́n, ọmọ ẹja á jẹ ẹranko wíwín. Èyí tó bá kù á tún padà di oúnjẹ. Kò sí ìkankan tó máa ṣòfò."

Tolú jókòó sórí òkúta ẹnu géètì, ó sì sunkún, ẹkún tó ní òpin.

"O ti jẹun lónìí?" ni Ìyá Agnes bi í.

"Kò wù mí, mà."

Ìyá náà wọlé lọ. Kò lè mú un dé yàrá, torí ọjọ́ ìwẹ̀nùmọ́ kò tíì pé. Nítorí náà, ó wọ́ àga gbọọrọ jáde, ó gbé e sẹ́yìn géètì, ó padà lọ gbé ìrẹsì àti omi tútù wá. Ó fi ṣíbí sí i lọ́wọ́. Ó jókòó tì í nínú oòrùn, kò bá a sọ̀rọ̀, ó kàn ń wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.